Ariwo Ẹnu Nínú Ìmọ̀ Ìtọ́wò Tíì: Àgbéyẹ̀wò Ìṣáájú

Àwọn tó ń fi ìtọ́wò tíì ṣiṣẹ́ ṣe ní Mombasa, ní Colombo àti ní Kolkata kì í mu tíì. Fífà ni wọ́n ń fà á. Wọ́n á to ife funfun sórí tábìlì gígùn létí fèrèsé, wọ́n á bu ṣíbí kan nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á sì fà á wọ ẹnu ṣùrùrù, débi pé ẹni tó wà ní yàrá kejì á gbọ́. Wọ́n á yí i ká ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á tu ú dà nù, wọ́n á sọ àléébù rẹ̀ fún akọ̀wé tó dúró tì wọ́n, ó di ife kejì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n lè ti fa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ife. Owó oṣù ni wọ́n ń gbà lé e.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ Yorùbá tí wọ́n tọ́ yanjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò gbọdọ̀ pariwo ẹnu bó bá ń jẹ tàbí bó bá ń mu. Kò gbọdọ̀ tu ohun tí wọ́n bù fún un dà nù lójú ẹni tó bù ú. Kò sì gbọdọ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu oúnjẹ olóúnjẹ. Ohun mẹ́ta tí ẹ̀kọ́ ilé kọ̀ fún un yìí gan-an ni iṣẹ́ ìtọ́wò tíì dúró lé. Ìbéèrè tí àgbéyẹ̀wò yìí fẹ́ dáhùn, nígbà náà, ni bóyá ọmọlúàbí lè di olùtọ́wò tíì. A kọ́kọ́ gbé e síwájú àwọn àgbà ilé wa. Wọ́n ní ká lọ wá iṣẹ́ ṣe.

Ààlà iṣẹ́ yìí

Bournvita, Milo àti Ovaltine kò sí nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní tíì kò lóǹkà. Sóbò kò sí níbẹ̀, ìṣápá ni. Koríko ọba tí àwọn kan ń pè ní ewé tíì kò sí níbẹ̀ pẹ̀lú, iṣẹ́ yòówù kó máa ṣe nínú àgbo. Tíì tí à ń sọ ni ewé igi kan ṣoṣo, Camellia sinensis. Ara rẹ̀ ni tíì funfun, tíì aláwọ̀ ewé, oolong, tíì dúdú àti pu-erh ti Yunnan ti ń jáde, ohun tí wọ́n bá sì fi ojú ewé náà rí lẹ́yìn tí wọ́n já a ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá tètè fi iná mú un kí afẹ́fẹ́ tó pa á láwọ̀ dà, aláwọ̀ ewé nìyẹn: oru omi gbígbóná ni àwọn ará Japan ń lò, agbada gbígbóná ni ti àwọn ará Ṣáínà. Bí wọ́n bá jẹ́ kó rọ, tí wọ́n yí i mọ́lẹ̀ tó sì fara ya, tí wọ́n wá fi í sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ títí ó fi pọ́n bíi bàbà, dúdú nìyẹn. Oolong dá iṣẹ́ yìí dúró lágbedeméjì, ó sì ń gbowó ju àwọn tó parí ẹ̀ lọ lọ́pọ̀ ìgbà.

Òfin

Ní 1980, ISO, àjọ tó ń ṣètò òṣùwọ̀n fún gbogbo àgbáyé, gbé ìwé kan jáde. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 3103, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ni bí a ṣe ń po tíì. Kì í ṣe tíì aládùn o. Tíì tí ẹni tó wà ní Kenya àti ẹni tó wà ní Íńdíà lè tọ́ wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu ni. Gíráàmù 2 ewé sí mìlílítà 100 omi. Kí omi máa hó. Kí ìkòkò jẹ́ tánńganran tàbí amọ̀ tó ń dán, kó ní ọmọrí. Ìṣẹ́jú 6, kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Ẹni tó bá fẹ́ fi mílíìkì sí i lè fi sí i, ṣùgbọ́n inú ife ni kí mílíìkì ti dúró de tíì. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló máa dé, kí tíì ti rọlẹ̀ wá sí àárín ìwọ̀n 65 sí 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kí ó má baà jó mílíìkì náà.

Àjọ òṣùwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀, BS 6008, ojú ewé mẹ́fà gbáko. Ní 1999 wọ́n fún àjọ náà ní ẹ̀bùn Ig Nobel ti lítíréṣọ̀ nítorí ìwé yìí, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún iṣẹ́ ìmọ̀ tó kọ́kọ́ ń pa ni lẹ́rìn-ín kó tó mú ni ronú. Àwa kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Obìnrin tó bá ti po tíì fún bàbá ọkọ rẹ̀ rí láìmọ bó ṣe yẹ kó ki tó mọ̀ pé ojú ewé mẹ́fà kò pọ̀.

Kí omi máa hó tí òfin wí yẹn ní ìdí tó le díẹ̀. Omi tó ń hó kì í ṣàánú ewé. Gbogbo àbùkù rẹ̀ ló ń tú síta, àbùkù sì ni oníṣòwò ń wá kó tó fọwọ́ sówó. Nílé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Tíì aláwọ̀ ewé fẹ́ omi tó ti sinmi wá sí nǹkan bí ìwọ̀n 70 sí 80. Ẹni tó bá gbé kẹ́tùlù kúrò lórí iná, tó da omi ọ̀hún lé tíì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní sencha lórí lójú ẹsẹ̀, tó wá ń kéde pé tíì àwọn ará Japan korò bí jogbo, kí ó wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Lu Yu ti ríran rí èyí tipẹ́. Ọmọ òrukàn ni, ilé àwọn mọ́ńkì Búdà ni wọ́n ti tọ́ ọ ní Ṣáínà, ní ìgbà ìjọba Tang, ó sì kọ ìwé Cha Jing lórí tíì kó tó kú ní 804. Ó to omi sí ipò: omi orí òkè lékè, omi odò tẹ̀ lé e, omi kànga ló kẹ́yìn. (A ti gbìyànjú láti wá ibi tí píọ̀wọ́tà máa bọ́ sí nínú ètò yìí. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́.) Ó ní omi tó ń hó máa ń kọ́kọ́ yọ ìléròrò bí ojú ẹja, lẹ́yìn náà á máa ta yọ létí ìkòkò bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín, lẹ́yìn náà á ru bí ìgbì, bó bá kọjá ibẹ̀, ó ti gbó, kò ṣeé mu mọ́. Àwọn tó ń se àlùbọ́sà, ata ilẹ̀ àti èèpo ọsàn pọ̀ mọ́ tíì, ó ka tiwọn sí omi gọ́tà. Òun fúnra rẹ̀, iyọ̀ ló ń fi sí i.

Ariwo

Ahọ́n kò mọ̀ tó bí a ṣe rò. Dídùn, kíkan, kíkorò, iyọ̀, àti adùn tó ń ti ara irú àti ẹran wá, ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ pin sí. Òdòdó, èéfín, oyin, èso tí wọ́n ní ó wà nínú tíì, imú ló ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, láti ẹ̀yìn ọ̀fun. Ẹni tó bá ń jiyàn, kó fi ọwọ́ di imú kó mu tíì tó dára jù lọ láyé: omi gbígbóná tó korò díẹ̀ ni. Kó tú imú sílẹ̀, tíì á padà dé.

Ohun tí ariwo ń ṣe nìyí. Bí afẹ́fẹ́ bá bá tíì wọlé tipátipá, ó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, ó ń fọ́n ọn ká gbogbo ẹnu, ó sì ń ti òórùn rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọ̀fun lọ sí imú. Ó tún ń fẹ́ ẹ tutù. Èyí tí a rọra mu bí ọmọlúàbí, inú ikùn ló ń gbà lọ tààrà, ìwọ̀nba òórùn ló sì ń kan imú. A ní láti kéde rẹ̀, nígbà náà, pé ọmọ tí wọ́n gbá létí nítorí pé ó ń fa ẹ̀kọ gbígbóná ṣùrùrù, ìwádìí ló ń ṣe lọ́wọ́.

Kíkorò, àti ohun tí mílíìkì ń ṣe sí i

Ewé tíì ní èròjà kan tó ń so mọ́ itọ́ ẹnu, tí ahọ́n á fi máa yi, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi máa fà wọnú. Ẹni tó bá ti jẹ kajú tí kò tíì pọ́n tán mọ ohun tí à ń wí. Ọ̀pọ̀ àlejò nínú ìmọ̀ yìí máa ń rò pé àìsàn ni. Àǹfààní wa pọ̀ níbí: ẹni tó dàgbà lórí ewúro, tí ìyá àgbà fi àgbo rọ ọ́, tó ń jẹ obì nílé ìnáwó, kò ní ohun tí tíì fẹ́ fi dẹ́rù bà á. Kódà, èròjà tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, èyí tó wà nínú tíì, ó wà nínú obì náà.

Ibi tí a ti ń pàdánù àǹfààní yìí ni inú agolo mílíìkì. Èròjà ara wàrà máa ń di ohun tó ń fa ẹnu yẹn mú kó tó dé itọ́, mílíìkì agolo sì ki, nítorí wọ́n ti yọ ohun tó ju ìdajì omi rẹ̀ lọ. Ẹ wo mẹ̀ṣáì tó wà ní ìkóríta: Lipton tí kẹ́tùlù ti sè di aró, agolo mílíìkì tí wọ́n dá ihò méjì sí lórí, ṣúgà, Milo lé e. Lu Yu ì bá gbé ara rẹ̀ ṣánlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mẹ̀ṣáì náà bá gbé ife kan sókè orí, tó fi èkejì sísàlẹ̀, tó ń da tíì láti òkè wá tó ń hó yéè, ẹ jẹ́ ká bọ̀wọ̀ fún un. Ó ń fi afẹ́fẹ́ sí i, ó ń mú kó tutù, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni fa ẹnu ṣùrùrù. Òun nìkan ni a rí tó yanjú ìṣòro ọmọlúàbí, tó fi ọwọ́ ṣe ohun tí àwọn ará Mombasa ń fi ẹnu ṣe.

Lipton ẹlẹ́ẹ̀kejì

Ọ̀rọ̀ yìí gba sùúrù. Ìyá kan wà, ó ní ọmọ mẹ́ta, ó ní Lipton ẹyọ kan. Ó rì í sí ife àkọ́bí, ó fà á yọ, ó rì í sí ti èkejì, ó fún un nídìí ṣíbí kó tó kan ti àbíkẹ́yìn. Láwùjọ, ìwà ahun ni wọ́n ń pè é. Ní Chaozhou àti ní Fujian, ní Ṣáínà, gongfu ni wọ́n ń pè é: ìkòkò kékeré, ewé púpọ̀, omi tí kì í pẹ́ nínú rẹ̀ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ, wọ́n á sì tún da omi lé ewé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, lẹ́ẹ̀méje. Ife àkọ́kọ́ ń ta sánsán, ẹ̀kẹta ló ní ara jù, ìkẹyìn á rọlẹ̀ di adùn fẹ́rẹ́. Oolong tó dára kì í tíì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ní ife kìíní.

Ìlànà ìyá yẹn tọ́. Ewé ló já a kulẹ̀. Ní 1930, ní Assam, William McKercher ṣe ẹ̀rọ kan tó ń run ewé tíì, tó ń fà á ya, tó sì ń ká a di kóró. Irú tíì bẹ́ẹ̀ ló kún Kenya, òun ló sì sábà máa ń wà nínú àpò tíì. Kóró rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé gbogbo àwọ̀ àti agbára rẹ̀ ló ń sọ sílẹ̀ nínú omi àkọ́kọ́. Ohun tó ṣẹ́ kù fún àbíkẹ́yìn jẹ́ ìtàn.

Kí a tó kúrò lórí ewé: ní Taiwan, wọ́n ní oolong kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dongfang Meiren. Kòkòrò kékeré kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu omi ara ewé rẹ̀. Igi náà á tú òórùn sílẹ̀ láti fi gbèjà ara rẹ̀, òórùn yẹn ni ẹni tó ń mu tíì á pè ní oyin àti èso. Àgbẹ̀ tó bá lọ fín oògùn kòkòrò síbẹ̀ ti ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí a ń sọ lẹ́yìn tí a tu ú

Olùtọ́wò kì í sọ pé tíì dùn. Láti 1679 ni wọ́n ti ń lu gbàǹjo tíì ní London, ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1998 ni wọ́n sì lù ú kẹ́yìn, tí iṣẹ́ náà padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbin ewé. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu olùtọ́wò ló ń gbé owó sókè tàbí kó sọ ọ́ sílẹ̀. Tíì lè mọ́lẹ̀ nínú ife, ó lè jí ẹnu, ó lè ní ara. Ó sì lè tẹ́, ó lè jóná, ó lè máa rùn bí àpò tí wọ́n fi kó o. Ẹni tó bá ti délé láti òde ìnáwó rí, tó ti ilẹ̀kùn, tó wá sọ pé ọbẹ̀ wọn tẹ́, pé ó ti ń kàsì, pé èéfín wà nínú ìrẹsì wọn, ti parí ẹ̀kọ́ yìí. Ohun tó kù ni kó máa sọ ọ́ sókè, níwájú olóúnjẹ.

Ìdánwò tó wà fún olùkàwé kò náni lówó. Kí ó ra Lipton, kí ó ra Highland Tea, tí wọ́n ń gbin ewé rẹ̀ ní Kakara lórí òkè Mambilla, ní ìpínlẹ̀ Taraba, níbi tí ilẹ̀ ti ga tí òtútù sì mú tó fún igi tíì. Ewé inú àpò kan tó nǹkan bíi gíráàmù 2, nítorí náà mìlílítà 100 omi ló tọ́ sí i, èyí tí kò tó ìdajì kọ́ọ̀bù tí à ń lò nílé. Ìṣẹ́jú 6, kí ó fi fóònù ká a. Kí ṣúgà wà ní yàrá mìíràn. Kí ó fa èkíní ṣùrùrù, kí ó tu ú, kí ó kọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu sílẹ̀, kí ó tó fa èkejì. Bí ará ilé bá wọlé bá a lẹ́nu rẹ̀, kí ó ṣàlàyé ISO 3103 fún wọn. Bó bá jẹ́ àna rẹ̀ ló wọlé, kí ó gbé e mì.