Ẹ Fi Sílẹ̀, Màá Kọ́ńfáàtì Ẹ̀

Bí arúgbó bá sùn ní Ìmèrí, Dírẹ́kítọ̀ tó ń ya fídíò ìnáwó á ti gbọ́ kí mọ̀lẹ́bí tó dá ọjọ́ ìsìnkú. Òun kọ́ ni yóò gbẹ́ sàréè, òun kọ́ ni yóò dáná, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó lè ṣe é láìsí òun, nítorí àwọn ọmọ tó wà ní London àti Houston gbọ́dọ̀ fi ojú ara wọn rí ibi tí owó wọn bá lọ. Yóò dé tòun ti jákẹ́ẹ̀tì aláìlápá tí àpò bò lára, tí púpọ̀ nínú àwọn àpò náà ṣófo. Yóò fi hẹ́ẹ̀dífóònù ńlá kọ́ ọrùn. Mi ò rí hẹ́ẹ̀dífóònù náà létí rẹ̀ rí.

Ẹ má ṣe bi mí pé ta ni. Ìdóàní ní tiẹ̀, Ìfọ́n ní tiẹ̀. Ti Ọ̀wọ̀ pọ̀ débi pé wọn kì í kí ara wọn lóde ìnáwó.

Ojútùú kan ṣoṣo ló ní sí gbogbo ìṣòro. Ṣé fóònù àtijọ́ tí ohùn olóògbé wà nínú ẹ̀ lẹ gbé wá? “Ẹ fi sílẹ̀, Mà, màá kọ́ńfáàtì ẹ̀.” Ṣé fọ́ìsì nóòtì lẹ̀gbọ́n yín fi ránṣẹ́ láti Peckham? Á kọ́ńfáàtì ẹ̀. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn pásítọ̀, tí a ò gbọ́ ju “ará” àti “Àmín” lọ nínú gbogbo ìwàásù? Ìyẹn náà, á kọ́ńfáàtì ẹ̀. Ẹ bi í pé kí ló dé tí kò fi máíìkì sí pásítọ̀ láyà nígbà tí ìwàásù ń lọ lọ́wọ́, á wò yín bí ẹni tí kò rí kọ̀ǹpútà rí.

Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kò mọ irú wàhálà yìí. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì VHS, nígbà tí fíìmù Living in Bondage gba ìgboro kan ní 1992, àwòrán àti ohùn jọ ń gbé orí téèpù kan náà ni. Ohun tí kámẹ́rà bá gbọ́ ló gbọ́. Ìgbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní 2001, tí fóònù tó ń gba ohùn sílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, ni ọ̀rọ̀ di ọlọ́kan-ò-jọ̀kan. Fóònù kékeré ń tọ́jú ohùn sí AMR, tí wọ́n ṣe fún ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù: ìgbà 8,000 ló ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń da èyí tó kù nù kí fáìlì lè kéré. Orin tí ẹgbẹ́ akọrin dà sórí fíláàṣì jẹ́ MP3, èyí tí àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Jámánì sọ lórúkọ ní 1995. Fọ́ìsì nóòtì WhatsApp ń lo Opus, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2012. Kámẹ́rà fídíò ní tiẹ̀ sábà máa ń wọn ohùn ní ìgbà 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí orin tó ti orí CD wá ń lo 44,100.

Nítorí náà kò purọ́ bó bá ní àwọn fáìlì náà ò bá ara wọn mu. Ó ń sọ fáráyé pé Premiere lòun fi ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń lò ní Hollywood. Ẹ yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀ lóru tí iná bá dé, Movie Maker ni, tí Microsoft ti pa tì láti 2017. Ẹ fún Movie Maker ní Opus, á kọ̀ ọ́. Dírẹ́kítọ̀ á ka ọ̀rọ̀ òyìnbó tó yọ lójú kọ̀ǹpútà náà sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, á mi orí, á wá dárúkọ iye owó.

Ẹ jẹ́ ká lọ sórí ohùn Màmá, olóògbé tí ohùn wọn wà nínú fóònù àtijọ́. Fáìlì AMR tó gùn ní ìṣẹ́jú kan kì í ju nǹkan bí 90 kílóbáìtì lọ. Dírẹ́kítọ̀ sọ ọ́ di WAV, ó sì di mẹ́gábáìtì mẹ́wàá. Ó pe àwọn mọ̀lẹ́bí wá wò ó. “Ẹ wò ó bó ṣe wúwo tó báyìí, Bàbá!” Gbogbo wọn mi orí, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ dáa. Bẹ́ẹ̀, ohun tí fóònù ti dànù lọ́jọ́ tí Màmá ń sọ̀rọ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹni tó bu omi sí ọbẹ̀ kò tíì fi ẹran kún un.

Ì bá tiẹ̀ dáa bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló yí i. Sọ́fítíwíà tó ń lò kò gba AMR tààrà, ó kọ́kọ́ sọ ọ́ di MP3. Èyí tó ń sọ MP3 di WAV ti tán lọ́jọ́, ó gba ọ̀nà WMA. MP3 tún já díẹ̀ dànù nínú ohùn, WMA náà já tiẹ̀. Bí sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ náà ṣe ń lọ, ohùn obìnrin òyìnbó kan jáde láàárín ọ̀rọ̀ Màmá, ó ní kí a lọ ra ẹ̀dà tó pé. Dírẹ́kítọ̀ fi dùùrù bo ibẹ̀. Ó wá fi gbohùngbohùn kún gbogbo rẹ̀, kó lè dà bí ẹni pé láti ọ̀run ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

Ti pásítọ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ohùn tí wọ́n gbà ní 44,100, Dírẹ́kítọ̀ sọ fún kọ̀ǹpútà pé 48,000 ni. Kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́. Ìwàásù wákàtí kan parí ní ìṣẹ́jú 55, ohùn bàbá àgbàlagbà náà sì di ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ohùn wọn ti parí nígbà tí ètè wọn ṣì ń mì. Àwọn tó jókòó sínú oòrùn lọ́jọ́ ìsìn náà nìkan ni wọn ò ṣàròyé. Wọ́n ní bó ṣe yẹ kó yá nìyẹn.

A ò lè dá a lẹ́bi tán. Àwa la ń fi gígùn fídíò wọn iṣẹ́, tí a ń fi labalábá tó ń fò lórí pósí mọ ẹni tó gbówọ́. A rí i pé orúkọ rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ayàwòrán, olótùú, onímọ̀ ohùn àti olùdarí, a sì pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé, “Ṣé o gbọ́ ọ kóo tó fi ránṣẹ́?”

Ẹni tó wá gbọ́ ọ ni ọmọ-ọmọ Màmá kan tó ń kàwé ní Póòlì Ọ̀wọ̀. Kò bínú, kò pariwo. Ó gba fóònù náà padà, ó kọ́pì AMR ọ̀hún, ó fi FFmpeg yí i lẹ́ẹ̀kan sí WAV 48,000. Ọ̀fẹ́ ni FFmpeg. Fabrice Bellard, ọmọ Faransé, ló dá a sílẹ̀ ní 2000, kò ní àwòrán tó rẹwà, ìlà ọ̀rọ̀ kan lèèyàn ń tẹ̀ sí i. Kò mú ohùn náà dáa ju bó ṣe wà nínú fóònù lọ. Kò kàn bà á jẹ́ sí i ni. Ó wá fi nǹkan sétí, ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ibi tí gbogbo wa ti sunkún nínú fídíò, tí dùùrù ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tí a rò pé Màmá ń wúre fún àwọn ọmọ, Màmá ò wúre. Orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó epo pupa ni wọ́n ń kà, pẹ̀lú iye kálukú. Wọ́n ń kà á lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ kí ọmọ tó di fóònù mú má bàa gbàgbé ẹnì kankan.

Méjì nínú àwọn ajẹgbèsè náà jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ náà gbé e sí i. Ọ̀kan dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ewúrẹ́ òun. Èkejì gba ilé Dírẹ́kítọ̀ lọ tààrà, ó bi í pé èló ló máa gbà láti yọ orúkọ kan kúrò. Dírẹ́kítọ̀ fi ọwọ́ kan hẹ́ẹ̀dífóònù ọrùn rẹ̀, ó ní owó gígé yàtọ̀ sí owó kọ́ńfáàtì.