Gbogbo Wa Ni Kòsọ́kọ́

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ta paintball, eré ìbọn ọ̀dà, nínú igbó kan ní New Hampshire, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 1981, ẹni tó borí kò yìnbọn rárá. Ó kàn ń yọ́ kẹ́lẹ́ kó àsíá ni. Ẹ wá gbé irú eré bẹ́ẹ̀ fún àwa ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó! Wọ́n ní ká ṣe ogun 1851, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Kòsọ́kọ́, ọba Èkó, kúrò lórí oyè. Gbogbo wa la fẹ́ jẹ́ Kòsọ́kọ́. Ta ni yóò wá ṣe Akítóyè tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀? Ẹni tó ń ṣe Òṣòdì Tápà, balógun Kòsọ́kọ́, ń bèèrè jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹnu àríyànjiyàn la wà tí wákàtí tá a sanwó fún fi tán. Ọta kan ṣoṣo tó jáde, ara aṣọ ẹbí bọ̀dá tó ń ti ibẹ̀ lọ sóde ní Campos ló bà.