Ọlọ́kọ̀ Tuntun Lásìkò Ọyẹ́

Ọlọ́kọ̀ tuntun ni ẹni tí mọ́tò tó rà kò tíì pé oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀, tí ara mọ́tò náà sì ká a lára ju ara òun alára lọ. Kò sí ibi tí kò sí ní Èkó, ṣùgbọ́n Bárúwà ní Alímòṣọ́, lábẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè Àyọ̀bọ̀-Ìpájà, ni a ti lè wò ó dáadáa, torí ibẹ̀ ni òpópónà tóóró, eruku, ọ̀kadà àti ọ̀wọ́n omi ti jọ ń gbé. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni àkókò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé mọ́tò lọ ṣọdún Kérésìmesì nílé, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Èkìtì, kò ní dúró di ẹ̀yìn ọdún kó tó rà á. Ìgbà yẹn gan-an ni ọyẹ́ máa ń wọlé.

Tòkunbọ̀ ni mọ́tò ọ̀hún lọ́pọ̀ ìgbà: Corolla, tàbí Camry tí àwọn ará ọjà ń pè ní Muscle, tí ẹlòmíràn ti fi ọdún mẹ́wàá gùn ní Kánádà tàbí ní New Jersey kó tó gba ojú omi wá. Lọ́hùn-ún, nígbà òtútù, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, iyọ̀ náà a sì máa jẹ irin abẹ́ mọ́tò díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí ara rẹ̀ ń kọ mànà ló jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ọlọ́kọ̀ tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́. Ara ni àwọn aládùúgbò ń rí, ara náà ló ń ṣọ́.

Ọjọ́ tí mọ́tò bá wọlé, tilétilé ni wọ́n á jáde kí i: ẹ kú oríire o, a ó lò ó gbó, ayọ̀ ni yóò máa gbé wa lọ bá. Pásítọ̀ á ta òróró sí taya àti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni, àfáà á ṣàdúrà, wọ́n á pín sàárà. Jàǹbá ojú pópó, olè àti ọ̀tá ilé ni gbogbo àdúrà wọ̀nyí dá lé. Kò sẹ́ni tó rántí gbàdúrà kí wọ́n má ha ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ̀ka iṣẹ́ yẹn ni ọlọ́kọ̀ tuntun wá gbà sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Òfin rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rá tí wọ́n fi bo àga kò gbọdọ̀ kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ gbọn ẹsẹ̀ nù. Sòkòtò tó bá ní bọ́tìnnì irin lẹ́yìn kò gbọdọ̀ fara ti mọ́tò, àpò tó ní síìpù náà kò gbọdọ̀ gbà á lára. Ìyàwó rẹ̀, tó kó owó àjọ tirẹ̀ lé owó mọ́tò náà, ni wọ́n máa ń sọ fún lójú èrò pé kó rọra pa ilẹ̀kùn dé, pé kì í ṣe ilẹ̀kùn fíríìjì.

Nínú gbogbo ohun tó lè ha mọ́tò, ọyẹ́ ni kò kà sí. Atẹ́gùn tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá ni ọyẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn orísun eruku rẹ̀ tó tóbi jù ni àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi já, tó sì ń gbé eruku wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Eruku náà ti kúnná kó tó dé Èkó, ṣùgbọ́n kuọ́tísì wà nínú rẹ̀, òkúta líle tó lè ha dígí. Eruku pupa Bárúwà fúnra rẹ̀, tí taya ń tú sókè láwọn òpópónà tí ọ̀dà kò tíì kàn, á tún bọ́ lé e lórí. Ìyẹn kò kúnná tó ti aṣálẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, gbogbo ọ̀dà tó wà lára mọ́tò, láti orí irin títí dókè, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà kan lọ tàbí kó fi díẹ̀ lé. Práímà ló wà nísàlẹ̀, àwọ̀ wà lórí rẹ̀, ọ̀dà tí kò láwọ̀, tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń pè ní kílíà, ló wà lókè pátápátá. Kílíà ló ń dán tí wọ́n fi ń pe mọ́tò ní tuntun. Kì í sábà nípọn tó irun orí kan.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, kí wọ́n tó gbàdúrà òwúrọ̀ nínú ilé, ọlọ́kọ̀ tuntun ti jáde síta. Ó mú síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó gbọ̀n ọ́n pẹ́ẹ́ lára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí nu mọ́tò náà ní gbígbẹ. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ló fi ń ṣáájú, ó bọ́ sórí òrùlé, ó wá sọ̀kalẹ̀ sí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá kan ibi tí eruku ti nípọn, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè mọ́ dáadáa. Yanrìn ló ń fi ha kílíà yẹn. Roboto roboto ni ọwọ́ rẹ̀ ń yí, roboto roboto náà ni àwọn ìlà tín-ín-tín-ín tó ń kọ sí i. Kò rí wọn, nítorí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Ó di ọ̀sán gangan, tí oòrùn bá ta sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú, kí gbogbo wọn tó hàn. Á wá to àwọn ọmọ ilé sílà: ta ló fọwọ́ kan mọ́tò yìí? Wọ́n á búra pé àwọn kọ́. Òótọ́ ni wọ́n ń búra lé.

Àwọn kan gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ra aṣọ ìbòmọ́tò. Orí eruku ni wọ́n bò ó lé. Atẹ́gùn ọyẹ́ á máa fẹ́ aṣọ náà síwá sẹ́yìn mọ́jú, iṣẹ́ tí síńgílẹ́ẹ̀tì ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe, aṣọ á fi odindi òru ṣe é.

Ohun tó yẹ ni kí omi púpọ̀ kọ́kọ́ ṣan eruku dànù kí aṣọ tó kan mọ́tò. Ṣùgbọ́n omi gan-an ni ẹjọ́ Bárúwà. Láti àwọn ọdún 1990 ni epo tó ń jò láti inú ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ ti wọ inú omi kànga níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ kànga ni wọ́n ti pa tì, omi àwọn mìíràn sì ń rùn bẹntiróòlù. Ilé tó ń ra omi mu, tó ń ra omi sè, tó ń ra omi wẹ̀, ni yóò tún wá ra ti mọ́tò. Mẹ́ruwà á ti ọmọlanke dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ọlọ́kọ̀ tuntun á ní kí ó já mẹ́rin sílẹ̀ fún mọ́tò, á sì sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi omi ìlàjì kẹ́ẹ̀gì ṣara rindin. Nígbà tí owó bá ń lọ sópin lẹ́yìn ọdún, ó di garawa kan péré àti ọṣẹ ìfọṣọ. Ọṣẹ yẹn á fọ wáàsì dànù kúrò lára ọ̀dà. Inú garawa kan náà ni aṣọ ń bọ̀ tó ń jáde, tó ń kó yanrìn tó ti fọ̀ kúrò lára bọ́ńpà lọ fún ilẹ̀kùn.

Àwọn àgbà tó ṣì mọ ilà máa ń fi ti ojú pín àpá ara mọ́tò. Pélé ni èèkánná ológbò tó ń wá ooru bọ́nẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ń kọ, òun àti bọ́tìnnì sòkòtò. Àbàjà ni irin ìtẹsẹ̀ ọ̀kadà ń kọ, ní ìbú, láti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé ti iwájú. Gọ̀mbọ́ kò wọ́pọ̀; ọmọ tí wọ́n nà láìmọwọ́mẹsẹ̀, tó sì rí ìṣó mú, ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀.

Ti ọ̀kadà ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, ó sì fi mẹ́rin kún un ní oṣù kẹsàn-án. Alímòṣọ́ kò sí nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Títì Candos ní Bárúwà, nírọ̀lẹ́: kẹ̀kẹ́ Márúwá dúró lápá ọ̀tún láti já èrò, danfó ń bọ̀ níwájú, ọlọ́kadà sì rí àlàfo kan tí kò sí níbẹ̀. Ó dún kẹ̀ẹ̀rẹ̀. Ọlọ́kọ̀ tuntun tẹ bíréèkì láàárín títì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ lérí.

"Ṣé ojú rẹ fọ́ ni? O mọ iye tí mo ra mọ́tò yìí?"

Ọlọ́kadà ti dọ̀bálẹ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ forí jì mí. Ọmọ yín ni mí, ọ̀gá mi."

"Ọmọ mi kì í gun ọ̀kadà!"

Ìyá alákàrà dá sí i láti ẹ̀gbẹ́ títì: "Dádì, ẹ má bínú. Irin ni, ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló dà." Kọ̀ńdọ́ danfó tó wà lẹ́yìn náà sọ tirẹ̀: "Alàgbà, ẹ wa mọ́tò yín kúrò lọ́nà, ẹ lọ bá a jà nílé!"

Owó àpò ọlọ́kadà kò tó nǹkan kan. Ọlọ́kọ̀ tuntun kò fẹ́ gbà á, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ti ń pọ̀, bí ẹ̀bẹ̀ bá sì ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ gan-an ni yóò di ìkà èèyàn lójú àwùjọ. Nígbà tí bàbá arúgbó kan bá bọ́ fìlà láti bá wọn bẹ̀ ẹ́, ọ̀ràn ti parí.

Òfin kò fi í sílẹ̀ fún bàbá arúgbó. Ìńṣọ́ránsì third party jẹ́ dandan fún mọ́tò tó bá ń rìn lójú títì. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n sọ owó rẹ̀ di ₦15,000 fún mọ́tò àdáni, ó sì lè san tó mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lórí dúkìá ẹlòmíràn tí onímọ́tò bá bàjẹ́. Ọlọ́kọ̀ tuntun ní tirẹ̀. Inú ọ̀rá ló tọ́jú rẹ̀ sí, de ọlọ́pàá. Bó bá sọ fún ọlọ́kadà lójú títì Candos pé kó mú tirẹ̀ wá, ìyá alákàrà á rẹ́rìn-ín títí àkàrà á fi jóná.

Ọ̀nà tó rọrùn láti mọ bí àpá ṣe jìn tó ni kí a fi èèkánná fà á kọjá. Bí èèkánná kò bá há, inú kílíà ló mọ. Kọ́ńpáǹdì àti aṣọ rírọ̀ á mú un kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀ lára kílíà ló máa bá a lọ. Bí èèkánná bá há, ọ̀dà díẹ̀ ni kí a fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ sí i. Bí irin bá ti yọjú, kí a dí i kí òjò oṣù kẹta tó dé. Ọlọ́kọ̀ tuntun mọ ti èèkánná, ó sì ń fà á láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ẹni tó bá kọjá náà á bá a fà á. Ayálégbé kan á ní ọṣẹ ìfọyín ló dára jù, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ilẹ̀kùn ọ̀tún á fi máa rùn bí ẹnu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Lára mọ́tò dúdú, máàkà ni wọ́n ń fi kùn ún. Oòrùn ọ̀sẹ̀ mélòó kan á sọ ọ́ di àwọ̀ èsè àlùkò.

Lẹ́yìn èyí ló ń kan pẹ́ńtà abẹ́ igi. Pẹ́ńtà kì í tọ́ àpá sí. Gbogbo ilẹ̀kùn ló máa ń fẹ́ kùn, torí owó ilẹ̀kùn ju owó ìlà lọ. Nọ́ńbà àwọ̀ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Lára Toyota funfun, 040 ló sábà máa ń jẹ́. Pẹ́ńtà kì í wò ó. Mọ́tò ló ń wò lójú, á sì po ọ̀dà sínú agolo mílíìkì. Funfun ṣì ṣeé ṣe. Aláwọ̀ fàdákà ló máa ń dójú ti ni, nítorí ẹ̀rún irin tó wà nínú rẹ̀ máa ń yí ojú padà bí oòrùn bá ṣe ń yí, ilẹ̀kùn kan á sì dà bí ẹni pé inú mọ́tò mìíràn ni wọ́n ti yọ ọ́ wá.

Ọyẹ́ kò sì gba ìta gbangba láyè iṣẹ́ ọ̀dà. Afẹ́fẹ́ ti gbẹ jù, tínà ti ń fò lọ kí ọ̀dà tó balẹ̀ lára irin, ojú rẹ̀ á wá rí págunpàgun dípò kó tẹ́. Eruku á bà lé èyí tí kò tíì gbẹ. Nítorí eruku yìí ni wọ́n ṣe máa ń da omi sílẹ̀ yí mọ́tò ká kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, omi náà sì rèé, rírà ni. Àwọn tó ní óófùn ìkunmọ́tò wà ní Èkó, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tuntun ti ná owó óófùn sí kẹ́ẹ̀gì.

Ipò yìí kì í pẹ́. Àpá kejì kì í dun ọlọ́kọ̀ tó ti àkọ́kọ́, wọn kì í sì í sọ ẹ̀kẹta fún un nílé. Nígbà tí òjò bá fi ń rọ̀, ọ̀rá àga ti ya, adìyẹ ti ń sùn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, síńgílẹ́ẹ̀tì náà ti padà sídìí ìnulẹ̀.

Ọjọ́ tó bá fẹ́ tà á ni ìṣirò tó kù. Nínú ọjà mọ́tò ní Èkó, fọ́ọ̀sì bọ́dì ni wọ́n ń pe mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún kùn, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Pélé tàbí àbàjà kì í yọ mọ́tò kúrò ní fọ́ọ̀sì bọ́dì. Kíkùn ló ń yọ ọ́. Ẹni tó fẹ́ rà á kò ní gba ìbúra kankan. Á fi oríkèé ìka kan mọ́tò náà yíká, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn, búùtù: kọ́, kọ́, kọ́. Bó bá dé ilẹ̀kùn ọ̀tún, níbi tí pẹ́ńtà ti fi fíilà tẹ́jú àpá kó tó kùn ún, á dún gbì.

"Alàgbà, ilẹ̀kùn yìí ti rí pẹ́ńtà."

"Àpá kékeré kan ló wà níbẹ̀, ọlọ́kadà ló ṣe é."

"Ẹ ò bá ti fi àpá yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni oníbàárà á wí, á sì yọ owó tó ju èyí tí pẹ́ńtà gbà lọ kúrò nínú iye tó fẹ́ san.