Ẹlẹ́ṣin Igba, Ilẹ̀ Ló Ń Bọ̀

Àwọn àgbà kì í sọ̀rọ̀ kí wọ́n má fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí yóò gbọ́ àgbọ́yé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wí pé bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ọlọ́lá tó ti gbàgbé pé ẹlẹ́sẹ̀ méjì lòun, ìjòyè tí oyè ń gùn, àti ọmọ ọlọ́rọ̀ tí kò kí ará ilé baba rẹ̀ mọ́, ni wọ́n ń pa òwe náà fún, kí wọ́n lè rántí pé orí ẹṣin kì í ṣe ibùsùn, àti pé ẹni tó ń ti òkè wo ọmọ aráyé lónìí yóò tún fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ erùpẹ̀ lọ́la. Wọ́n fi sùúrù sí i, nítorí wọ́n gbà pé ẹni náà yóò kọ́kọ́ jẹ̀gbádùn ẹṣin rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ-ọmọ wọn yóò ra ẹṣin tó lé ní igba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí yóò sì jẹ́ pé ọjọ́ tó gùn wọ́n gan-an ló ti dé ilẹ̀.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ Yorùbá ní ọ̀rọ̀ ẹṣin. Ẹṣin wà lára ohun tó gbé agbára Ọ̀yọ́-Ilé dé ibi tó dé, owó gọbọi ni wọ́n sì fi ń rà á wá láti òkè Ọya; ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá ti wọ inú igbó lọ́hùn-ún, níbi tí eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran pọ̀ sí, ẹ̀mí rẹ̀ kì í gùn. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sọ̀ kalẹ̀ wá sí Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn ló dá wọn dúró. Síbẹ̀, àwọn ọba àti ìjòyè inú igbó kò yé ra ẹṣin. Wọ́n mọ̀ pé kò ní í pẹ́ láyé; wọ́n mọ̀ pé ẹni tí yóò máa gé koríko fún un àti ẹni tí yóò máa wẹ̀ ẹ́ ń bẹ lọ́rùn àwọn; ohun tí wọ́n ń sanwó fún ni kí ará ìlú rí wọn lórí rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Àwọn mọ iye tí fáàrí wọn ń ná wọn. Ẹlẹ́ṣin òde òní ni kò mọ̀.

Jámánì ni wọ́n ti bí ẹṣin tí mo ń wí yìí, ẹ sì lè rí ẹṣin dúdú, àmì ìlú Stuttgart, tó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè láàárín àmì tó wà níwájú orí rẹ̀. Porsche ni orúkọ ìdílé rẹ̀, Boxster ni orúkọ àbísọ rẹ̀, ọdún 1996 sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ìdílé náà kò ṣàjèjì sí wa. Ferdinand Porsche, baba ilé, ló ṣe ètò Volkswagen tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, èyí tí wọ́n ń tò ní Èkó láti ọdún 1975, tí tíṣà, nọ́ọ̀sì àti akọ̀wé fi rìn já gbogbo ilẹ̀ yìí; mọ́tò àkọ́kọ́ tó sì jẹ́ orúkọ Porsche, tí Ferry ọmọ rẹ̀ ṣe lọ́dún 1948, ẹ̀yà ara Ìjàpá ló kún inú rẹ̀. Ìjàpá kì í sáré, ṣùgbọ́n ó ń dé ibi tó ń lọ, bó bá sì dákú lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì abẹ́ igi ní sípánà tó máa jí i. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wá di ẹṣin ni kò gbọ́ èdè sípánà bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìjókòó rẹ̀ jẹ́ méjì péré, aṣọ ni òrùlé rẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn ìjókòó, agbára ẹṣin tó sì wà nínú rẹ̀ lé ní 200.

Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tó rà á ní Ọ̀gá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó fẹ́ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ń pè é. Nígbà tí ọkọ̀ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, nǹkan bí 40,000 dọ́là ni wọ́n ń tà á l'Amẹ́ríkà. Lónìí, ẹni tó bá wá a dáadáa lè rí èyí tó ti dàgbà rà níbẹ̀ ní nǹkan bí 10,000. Inú Ọ̀gá dùn, ó rò pé òun ti rí ohun tí aráyé kò rí. Owó pọ́ọ́kú lowó ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó lé àwọn olówó tó kọ́kọ́ ni í kúrò nídìí rẹ̀. Ọkọ̀ a máa já lówó bó ti ń dàgbà. Ìtọ́jú rẹ̀ kì í já. Ṣọ́ọ̀kì, bẹ́ríǹgì àti rédíétọ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kò gbọ́ pé ọkọ̀ náà ti di ti 10,000. Ọkọ̀ ti 40,000 ni wọ́n ṣe wọ́n fún, bí ọkọ̀ ti 40,000 náà ni wọ́n sì ń bu owó. Owó ilẹ̀ òkèèrè tún ni. Dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó wọlé ti kọjá 1,500 kí ọdún 2024 tó parí, bẹ́ẹ̀ iye bẹ́ríǹgì lè má yí padà rárá ní Jámánì.

Ká tilẹ̀ sọ pé nǹkan kan kò bàjẹ́, ẹṣin yóò ṣáà jẹun. Bẹntiróò tí wọ́n ń pè ní 98 ni àwọn tó ṣe é ní kó máa mu, 91 sì ni òdiwọ̀n tí ìjọba wa là sílẹ̀ fún tiwa. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà inú ẹ́ńjìnì yóò dín agbára kù kí ẹ́ńjìnì má bàa pa ara rẹ̀ lára, èyí tó túmọ̀ sí pé nínú igba ẹṣin tí Ọ̀gá sanwó fún, àwọn kan yóò jókòó sílé. Owó oúnjẹ àwọn tó jáde ti tó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ ọwọ́ kúrò nínú owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, iye epo gòkè títí ó fi dé nǹkan bí 1,000 náírà fún lítà kan lóṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹṣin yìí sì ń mu bíi lítà 10 fún kìlómítà 100 lójú ọ̀nà tó dán. Ẹ má jẹ́ ká dárúkọ ohun tó ń mu nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ọ́ìlì tí Corolla ń gbà kò ju bíi lítà 4. Tirẹ̀ lé ní 8, ojúlówó ló sì gbọ́dọ̀ jẹ́. Táyà ẹ̀yìn fẹ̀ ju tiwájú lọ, tẹ̀yìn ló sì ń tètè jẹ, nítorí náà kò sí pé à ń gbé ti iwájú sẹ́yìn kí oṣù fi parí.

Màmá Ọ̀gá wá kí i láti ilé lọ́jọ́ kan, ó sì ní kí òun gbé wọn jáde. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, wọ́n na ẹsẹ̀ kan wọlé, wọ́n wá ibi tí wọn yóò fi ìdí lé tì. Wọ́n ń lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń lọ sísàlẹ̀, títí ìjókòó fi gbà wọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, ọmọkùnrin méjì ló fà wọ́n dìde, gèlè ti tú lórí wọn. Wọ́n wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n ní: "Àkànní, o ṣeun, orí rẹ á máa gbè ọ́. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, nígbà tí o rí owó ra ọkọ̀, kí ló dé tí o tún jókòó sílẹ̀?"

Nǹkan kì í sì í ṣe kó má bàjẹ́. Rédíétọ̀ méjì ló wà níwájú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, lẹ́yìn ihò gbàràmù tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ewé gbígbẹ ni àwọn tó ṣe é rò pé yóò máa kó síbẹ̀. Ní Èkó, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló ń kó síbẹ̀, ẹ́ńjìnì a sì máa gbóná. Òrùlé aṣọ ní ihò tóóró tí omi òjò ń gbà jáde. Bí ìdọ̀tí bá dí i, inú ọkọ̀ ni omi náà ń gbà sí, abẹ́ ìjókòó awakọ̀ gan-an sì ni wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kékeré tó ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ sí. Omi a dé ibẹ̀, ọkọ̀ a sì gbàgbé olówó rẹ̀ pátápátá: Ọ̀gá á tẹ kọ́kọ́rọ́, á tún un tẹ̀, á bẹ̀bẹ̀, ẹṣin kò ní dáhùn.

Ẹ bá mi dé abúlé mẹkáníìkì wò. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń yọ̀ ló gbé Ọ̀gá débẹ̀. Gíà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá sílẹ̀ kí ojú tó kan kílọ́ọ̀ṣì, abẹ́ ọkọ̀ sì ni wọ́n ti ń tú u. Nígbà tí ó wá sílẹ̀ tán, mẹkáníìkì nu ọwọ́, ó mí kanlẹ̀, ó ní: "Ọ̀gá mi, nígbà tí a kúkú ti tú u dé ibí..." Gbólóhùn yìí ti run owó ilé ju lọ́tìrì lọ. Irin gbọọrọ kan wà nínú ikùn ẹ́ńjìnì, tó ń yí ṣéènì tí ń ṣí fáàfù, tí ń pa á dé. Orí bẹ́ríǹgì kékeré kan ló ń yí lé, gírísì tí wọ́n dí mọ́ inú bẹ́ríǹgì náà ló sì mú un wà láàyè. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, ọ́ìlì lè jò wọ inú rẹ̀, kó fọ gírísì dànù, kó di pé ó ń jẹra. Ọjọ́ tó bá fọ́, ṣéènì á ṣìnà, fáàfù àti písítìnì á kọlu ara wọn, ẹ́ńjìnì á di irin àlòkù. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe é, àmọ́ ó ṣẹlẹ̀ débi pé àwọn onímọ́tò l'Amẹ́ríkà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, tí wọ́n fi àdéhùn parí rẹ̀ lọ́dún 2013. Nítorí náà, wọ́n gé fílítà ọ́ìlì Ọ̀gá sí méjì, wọ́n tú bébà inú rẹ̀ sílẹ̀ lójú oòrùn, àgbàlagbà sì lóṣòó tì í, ó ń fi ìka tú inú ọ́ìlì dúdú, ó ń wá èérún irin tó bá ń kọ mànà. Òun ni Ifá tó ń dá. Bó bá rí i, ó gbé. Bí kò bá rí i, yóò tún ra ọ́ìlì, kó lè tún wò ó nígbà mìíràn.

Owó kan tún wà tí kò sí nínú ìwé kankan, owó ojú. Fọkanáísà tó ń gba iye kan lọ́wọ́ aládùúgbò yóò wo ẹṣin tó wà níwájú orí ọkọ̀, yóò sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Onílé gbọ́, ó rántí pé ó ti pẹ́ tí òun ti fi owó kún owó ilé. Ẹbí gbọ́, owó ilé-ìwé ọmọ dé, aṣọ ẹbí dé, wọ́n sì fi Ọ̀gá ṣe alága ìgbéyàwó ọmọ ẹni tí kò mọ̀ rí. Níbi àríyá, onílù ti rí ọkọ̀ náà lẹ́nu ọ̀nà kí olówó rẹ̀ tó rí ìjókòó. Ìlù ń sọ pé ọba ni, ọba kì í sì í gbọ́ irú rẹ̀ kó má na ọwọ́ sápò. Bí ìlù bá lè sọ òótọ́, bí yóò ṣe kì í nìyí:

Ẹlẹ́ṣin igba tó wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá lọ síbi iṣẹ́,
A-fi-dọ́là-rọ́ìlì má wẹ̀yìn wò,
Ọ̀rẹ́ mẹkáníìkì, àna panẹ́bítà,
Ọkọ̀ rẹ̀ dúró gbọin nínú ọgbà, ó fi tapólìn bora,
Ọmọ a-sáré-nínú-fọ́tò!

Ibí yìí ni òwe àwọn àgbà ti ya bàrá. Ẹṣin ayé àtijọ́, bí ẹni tó gùn ún bá sọ̀ kalẹ̀, koríko ni yóò máa jẹ. Ẹṣin òde òní, bí olówó rẹ̀ bá sọ̀ kalẹ̀, olówó rẹ̀ gan-an ni yóò máa jẹ. Ó wà lábẹ́ tapólìn, kò lọ ibì kankan, síbẹ̀ bátìrì rẹ̀ ń kú, rọ́bà rẹ̀ ń sán, ìwé ọkọ̀ rẹ̀ ń parí, owó ìnṣọ́ránsì tó kéré jù, tí wọ́n gbé láti 5,000 náírà sí 15,000 ní oṣù kìíní ọdún 2023, kò sì bi í bóyá ọkọ̀ ń rìn tàbí ó ń sùn.

Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà kò dára. Ẹni tó bá gbé e gba orí afárá kẹta kọjá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, tí òrùlé rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tí ẹ́ńjìnì ń kọrin lẹ́yìn etí rẹ̀, kò ní í sọ pé irọ́ ni wọ́n pa fún òun. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tó bá sì mọ ohun tó ń ṣe ti wá mẹkáníìkì kó tó wá ọkọ̀; ó ti ya owó tó tó iye ọkọ̀ náà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀; ó sì ní mọ́tò mìíràn tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́. Òun ló ti da omi síwájú, òun ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó kó gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ lé rírà, tó wá fi àdúrà ṣe owó ìtọ́jú, ni mo ń bá wí.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká a, kó dúró létí títì pẹ̀lú Corolla rẹ̀. Nígbà tí ẹṣin ẹlòmíràn bá ń kọjá, kó ké háà, kó sọ pé ọkọ̀ yìí mà dára o, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ. Háà kì í mu ọ́ìlì, kò sì sí mẹkáníìkì tó lè tú u dé ibì kankan.