Dumsor Nínú Rélùwéè

Ẹnu mi ló kó bá mi. Lọ́jọ́ tí mo ra ọkọ̀ ojú irin ìṣeré ní ọjà Kantamanto ní Accra, mo fọ́nnu fún gbogbo ilé wa ní Cow Lane pé tó bá dalẹ́, iná yóò máa tàn nínú kọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bíi ti ọkọ̀ Kùmásí àtijọ́.

Mo ra LED mẹ́fà. Ẹni tó tà á bi mí bóyá mo ní resistor tó ń dín agbára iná kù. Mo ní kò pọn dandan. Mo so wọ́n mọ́ táyà onírin tààrà, mo tan ọkọ̀. Wọ́n mọ́ yòò bí ojú ológbò, wọ́n sì kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti lọ ra mẹ́fà mìíràn àti resistor, nítorí ìtìjú.

Ìwọ̀nyí tàn. Àmọ́ iná tó ń wa ẹ́ńjìnnì ló ń tan kọ́ọ̀ṣì. Bí ọkọ̀ bá rọra rìn, iná a ṣe bàìbàì. Bó bá dúró, òkùnkùn. Bó bá fẹ̀yìn rìn, pọ́sítíìfù á di nẹ́gẹ́tíìfù, LED ò sì gbà bẹ́ẹ̀. Màmá àgbà wò ó títí. "Dumsor lo tún lọ fowó rà wálé?" Ní èdè Akan, paná-taná nìyẹn.

Mo bá fi capacitor kún un, kó máa tọ́jú iná pamọ́. Àmì nẹ́gẹ́tíìfù wà lára rẹ̀; èmi ò wò ó. Mo fi ọkọ̀ sí rìfáàsì. Gbàù! Òrùlé kọ́ọ̀ṣì bọ́ sínú àwo wàákyé Màmá àgbà. Láti 1969 tí òfin tí ìjọba Busia fi lé àwọn àjèjì ti lé wọn kúrò ní Ghana, kí wọ́n tó padà wá, mi ò rò pé wọ́n tún sáré bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá ìsàlẹ̀ ilé wa, tó ti ṣiṣẹ́ iná rélùwéè rí, gòkè wá. Wọ́n ní kọ́ọ̀ṣì gidi ayé àtijọ́ ní dáínámò tí táyà ń yí, ó sì ní bátìrì lábẹ́ tó ń gbà á bí ọkọ̀ bá dúró. Wọ́n yọ diode mẹ́rin lára rédíò tó ti kú, wọ́n tò wọ́n kí iná lè máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo jáde, ì báà ṣe iwájú ì báà ṣe ẹ̀yìn ni ọkọ̀ ń lọ. Ẹ̀yìn diode ni wọ́n wá so capacitor tuntun mọ́. Iná dúró ṣinṣin, kódà níbi tí irin ti dọ̀tí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe gbogbo ilé jọ. Àfi fììn, wọ́n múná lọ ní gbogbo Cow Lane. Ọkọ̀ dúró, kọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń tàn nínú òkùnkùn. Mo pariwo, "Ẹ wò ó!"

Kí wọ́n tó yíjú, capacitor ti tán.