Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Fóònù Lojú Wà

Àwọn tó ní ojú lọ̀rọ̀ wà kò purọ́, wọn ò kàn rí irú ojú tó dé sáyé lẹ́yìn wọn ni. Ojú táwọn mọ̀ ni èyí tó ń ṣẹ́, tó ń pọ́n, tó ń sá fún ẹni tó yá ni lówó. Tòde òní, èyí tó ń gbé inú fóònù, yí roboto, ó pọ́n bí ìyeyè, kò ní imú, kò ní etí, ẹ̀rín sì ń pa á títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Oxford ní òun gan-an ni ọ̀rọ̀ ọdún náà. Ojú di ọ̀rọ̀, ẹ ò rí i pé òwe àwọn àgbà ti ṣẹ!

Ẹgbẹ́ kan wà tí mo wà nínú rẹ̀ lórí WhatsApp. A ò ju ogójì lọ. A kì í ṣe ọmọ ìyá, a ò jọ lọ sílé ìwé, a ò jọ gbé àdúgbò. Ibi tá a ti ń jiyàn lórí ọbẹ̀ ní Facebook la ti bára wa pàdé, ẹnì kan ló sì kó wa jọ. Àwọn kan ń gbé Ìbàdàn bíi tèmi, àwọn kan wà l'Ékòó, ẹnì kan ń wa bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá kan sì wà ní Houston tó máa ń ní òun ń gbóòórùn ẹ̀fọ́ wa láti ọ̀hún. Iṣẹ́ tá à ń ṣe níbẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ohun kékeré tó bá dùn mọ́ ọ lónìí, wá sọ ọ́.

Nǹkan náà dùn, n ò ní í parọ́. Ẹnì kan á ní òun kọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò tóun wọ̀ kẹ́yìn nígbà ọyẹ́, òun bá náírà 500 pàdé, ó ká sí mẹ́rin, ó ń retí òun. Òmíràn á ní ìrẹsì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò lòun ń ha lọ́wọ́, òun ò sì pe ọmọ kankan. Àmọ́ ọjọ́ tí mo kọ ọ̀rọ̀ nípa ìyẹ́ adìyẹ ni ilé kún. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ ó já ìyẹ́ kan lápá adìyẹ, ẹ ó fi ìka méjì fa irun ara rẹ̀ kúrò títí yóò fi ku ṣóńṣó orí nìkan, ẹ ó gbé àpótí lọ sẹ́yìn ilé, ẹ ó wá rọra tì í bọ etí. Wọn kì í yí i kíákíá. Ẹsẹ̀ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n fúnra rẹ̀, ojú á padé, ẹnu á là díẹ̀ bíi tẹni tó fẹ́ sín. Bí wọ́n bá ń pè yín nígbà yẹn ẹ ò ní gbọ́, bẹ́ẹ̀ etí lẹ ń tún ṣe. (Àwọn dókítà ò fẹ́ ká máa ki nǹkan bọ etí, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi.) Kó tó dalẹ́, èsì ti lé ní ọgọ́ta. Ìyá Houston ní òun ò rí adìyẹ tó níyẹ̀ẹ́ lára láti ọdún tóun ti débẹ̀, inú yìnyín ni wọ́n ti ń bá a, níhòòhò. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sọ fún ìyàwó mi pé àwọn wọ̀nyí gan-an lèèyàn mi.

Ibi tó ti ń mú ni lára kò ju orí “o” àti “ẹ” lọ. Òyìnbó ò mọ ìyà yìí. “You” kan ṣoṣo ni tiwọn, òun ni wọ́n fi ń bá ọba sọ̀rọ̀, òun náà ni wọ́n fi ń lé ajá. Tiwa, kéèyàn tó la ẹnu, ó ti gbọ́dọ̀ fojú wọn ẹni tó wà níwájú rẹ̀: ewú ńkọ́, irùngbọ̀n ńkọ́, ṣé ó ti ń di ìbàdí mú kó tó jókòó? Lórí fóònù, kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ wọ̀n. Òdòdó pupa kan lẹnì kan gbé síbi tó yẹ kójú rẹ̀ wà. Ẹlòmíì gbé àwòrán ọmọ rẹ̀ síbẹ̀, tọmọ ti wọ aṣọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ṣé “o ṣé” ni kí n sọ fún òdòdó ni, àbí “ẹ ṣé”? Mo bá dá ọgbọ́n kan, mo ń sọ gbólóhùn tí kò ní ẹni nínú. “Ìyẹn mà dáa o.” “Àdúrà á gbà.” “Ká ṣáà máa wò ó.” Odidi ọdún kan ni mo fi bá ìdajì ẹgbẹ́ náà sọ̀rọ̀ láìbá ẹnikẹ́ni wí nǹkan kan.

Àwọn baba wa náà ti ránṣẹ́ síra wọn rí láìfojú kojú. Àrokò ni. Owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n so pọ̀ bá dé ọwọ́ rẹ, ẹ̀fà ni: ọkàn ẹni tó fi ránṣẹ́ ń fà sí ọ. Bó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, wàá dá mẹ́jọ padà, ẹ̀jọ nìyẹn: ọ̀rọ̀ wa jọra. Méjì tó kojú síra, ìfẹ́ ni, ó wù mí kí n rí ọ. Méjì tó kẹ̀yìn síra, ìjà ti dé. Owó ẹyọ pàápàá, ojú ló fi ń sọ̀rọ̀! Ẹsẹ̀ lẹni tí wọ́n rán sì fi ń rìn ín. Ta ló jẹ́ rán ọmọlọ́mọ nírìn ọjọ́ mẹ́ta kó lọ sọ pé “hmm”?

Èyí tó burú ju “hmm” lọ ni kí wọ́n má sọ nǹkan kan. WhatsApp dé lọ́dún 2009, ó sì tó 2014 kí wọ́n tó fi màákì búlúù méjì kún un, kí ẹni tó kọ̀wé lè mọ̀ pé wọ́n ti kà á. Bẹ́ ẹ bá kí bàbá kan níwájú ilé tí kò dáhùn, ẹ ó wo ojú rẹ̀: oorun ni, àbí etí ti ń di, àbí ẹ jẹ ẹ́ lówó. Màákì búlúù kì í sọ èwo. Ó rí ọ, ó kà á, ó bá tirẹ̀ lọ, ìwọ á wá dùbúlẹ̀ lóru, o ń ṣírò ẹ̀ṣẹ̀ rẹ.

Wọ́n sì tún ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Àwọn tó ni WhatsApp láwọn ò gbà. Láti 2017 ni wọ́n ti jẹ́ ká lè ṣa ẹyin tó fọ́ padà nílẹ̀. Mo ti ṣa tèmi rí. Ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tó ń pe ara rẹ̀ ní Bàbá Àdúrà. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló máa ń dé, àdúrà rẹ̀ á sì gùn tó òpó iná. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ kọ̀wé sí ìyàwó mi tó wà níbi iṣẹ́ alẹ́. Mo ní: “Bàbá yìí tún ti dé o. Ó dá mi lójú pé Ọlọ́run ti pa fóònù tirẹ̀.” Àárín ẹgbẹ́ ló bọ́ sí. Ọwọ́ mi gbọ̀n, mo pa á rẹ́ kó tó pé ìṣẹ́jú kan. Kàkà kí ilẹ̀ mọ́, èèpo ẹyin ṣẹ́ kù síbẹ̀: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé mo ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́. Èèyàn mẹ́fà tí mo rò pé wọ́n ń sùn ló jáde wá bi mí pé kí ló dé. Lẹ́yìn wọn ni Bàbá Àdúrà fúnra rẹ̀ wọlé. “Mo ti rí i. Ọlọ́run kì í pa fóònù.”

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbogbo ìdájí ni mo ń ṣe Àmín lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tó di December, tí ìyá Houston àti awakọ̀ Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀ wálé, wọ́n ní ó yẹ ká fojú rínjú. A fi àdéhùn sí ilé alámàlà kan ní Bódìjà. Mo ti múra sílẹ̀ láti bẹ Bàbá Àdúrà. Bí mo ṣe wọlé, mo rí bàbá kan tó hewú, tó gbé ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo ní, “Bàbá, ẹ foríjì mí lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́sí.” Bàbá ní, “Ọ̀rọ̀ wo?” Òdòdó pupa nìyẹn! Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, èmi tí mo sì ti bi í rí lóru pé ṣé ìwọ yìí kì í sùn ni. Ibi tí mo ti ń dìde ni ọmọ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù dáadáa, tó wọ bàtà àgùnbánirọ̀, ti nà gbalaja níwájú mi. “Ẹ káàsán sà. Èmi ni Bàbá Àdúrà.”

Bí ìkíni ṣe parí báyìí, ọ̀rọ̀ tán. Èèyàn mọ́kànlá tí wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ tọ̀sán-tòru fún ọdún méjì jókòó, wọ́n ń wo àwo. Ẹnì kan ní oòrùn mú lónìí. A gbà bẹ́ẹ̀. Ìyá Houston ní kò tó ti ọ̀dọ̀ àwọn. A tún gbà bẹ́ẹ̀. Awakọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín títí a ó fi máa di ikùn mú, ń fọwọ́ nu tábìlì tó ti mọ́. Alámàlà dúró tòun ti ìgbakọ lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òkú lẹ sin ni?”

N ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é. Mo ṣáà rí i pé ẹnì kan ya àwòrán àmàlà rẹ̀, gbẹ̀gìrì lápá kan, ewédú lápá kejì, abọ́dí ga láàárín bí Òkè Ìdànrè. Àpò mi mì. Àpò gbogbo wa mì. Àwòrán náà ti wọnú ẹgbẹ́, orí gbogbo wa sì ti tẹ̀ sílẹ̀. Awakọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé àwọn abọ́dí yẹn dà bíi pé wọ́n ń ṣèpàdé lórí òun. Àwọn olójú ìyeyè tú jáde. Ìyá Houston fi mẹ́tàdínlógún ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu rẹ̀ wà ní pípadé. Bàbá Àdúrà gbàdúrà sórí ewédú, a ṣe Àmín, pẹ̀lú ìka òsì torí ọbẹ̀ wà lọ́tùn-ún. Ẹnì kan tí kò ráyè wá láti Èkó kọ ọ́ pé ìlara wa ń pa òun, pé ariwo tá a ń pa níbẹ̀ á ti pọ̀.

Ọmọ tó ń palẹ̀ àwo mọ́ bi mí pé ta ni mò ń bá rẹ́rìn-ín. Mo fi àgbọ̀n tọ́ka sí bàbá olódòdó tó wà níwájú mi gan-an. Bàbá ò rí wa. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé fóònù súnmọ́ imú, ó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́, létà kan tẹ̀lé èkejì. Mo wo fóònù tèmi, mo rí i pé òdòdó pupa ń kọ̀wé lọ́wọ́. Mo dúró. Ó pẹ́. Nígbà tó dé, èmi nìkan ló fi ránṣẹ́ sí, kò fi sínú ẹgbẹ́:

“Ìyẹ́ adìyẹ ọjọ́sí yẹn, ṣé o ṣì ní in?”