Alága Ọjọ́ àti Gbágàáùn Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí ìkòkò irin ṣe ń já láti orí pẹpẹ lu sìmẹ́ńtì ní ọ̀gànjọ́ òru kò ní béèrè ibi tí gbágàáùn ti wá, nítorí ìró yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ wa mú, tí wọ́n fi sọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bá kọsẹ̀ lẹ́nu ẹni lórúkọ. Àwọn mìíràn a ní onítọ̀hún yìnbọn, ọ̀rọ̀ tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo bá dé àárín àwọn ọdẹ Ṣakí, tí ìbọn tiwọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Alága ọjọ́ tí mo ń wí yìí kò ṣọ̀wọ́n ní Òkè-Ògùn. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 ni ó gbé baba rẹ̀ kúrò nídìí òfì, Gẹ̀ẹ́sì sì ti di oyè ìdílé láti ìgbà náà. Agbádá rẹ̀ a wúwo, gíláàsì rẹ̀ a rọ̀ sí ṣóńṣó imú, a wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, a wá di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú bí ẹni di adìẹ tí ó fẹ́ sá lọ mú. Gbogbo àwùjọ ni ó gbọ́ Yorùbá, títí kan alásè àti onílù. Síbẹ̀, àfi bí ẹni pé èèwọ̀ ni Yorùbá jẹ́ fún un.

Níbi ìgbéyàwó kan ní Ìsẹ́yìn, ọmọ Ẹbẹdí, ó gbóhùn sókè: “The two family has became one!” Àwọn ọ̀dọ́ pariwo gbágàáùn, oníyáàálù fi ìlù wí i tẹ̀lé wọn, alága rò pé ìyìn ni, ó tẹrí ba. Èmi kò bínú sí ìyẹn: ṣòkòtò àgbàbọ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan àdúrà, ó sì di dandan kí ó padà sí èdè ìyá rẹ̀. Àwọn baba wa a máa wí pé ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹní, kí oyún lè tètè dé. Alága na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní ẹ̀yìn ìyàwó kò ní kúrò lẹ́ní láéláé.

Obì bọ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà tí ó jókòó tì mí. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Àìsàn wo lẹ fẹ́ kó bá ọmọ ọlọ́mọ?”

Mo bojú wẹ̀yìn, mo ń retí gbágàáùn. Àmín ni àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe lóhùn rara, ìyàwó pàápàá sì wà nínú wọn.